Ẹ Má Tíì Jókòó: Ìdáhùn fún Arábìnrin Tó Ń Ti Ibi Iṣẹ́ Dé Láago 8 Alẹ́

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Agric, ní Ìkòròdú, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni ọdún 43 ni mí, ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà ní iléeṣẹ́ kan ní Marina. Aago 4:45 ìdájí ni mo ń jáde nílé, aago 8 alẹ́ ni mo ń wọlé padà. Orí ìjókòó ni mo máa ń wà láàárín méjèèjì: nínú bọ́ọ̀sì, nídìí kọ̀ǹpútà, nínú bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní 138 lórí 88 ni, ó ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Nígbà wo ni kí n ṣe é? Bí mo bá fi máa dé, ó ti rẹ̀ mí débi pé bí mo bá ti bọ́ bàtà, orí àga ni mò ń ṣubú sí, ó sì máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó lè dìde lọ dáná. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àgbà wọn jẹ́ ọmọkùnrin ọdún 15. Ọkọ mi ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù, ṣùgbọ́n owó dà, àyè dà? Mo tún gbọ́ pé eré ìdárayá alẹ́ máa ń lé oorun lọ. Àbí iṣẹ́ ilé tí mò ń ṣe ò tó ni?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọ̀nà, arábìnrin mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ físíò, iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, obìnrin bíi tiyín ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi: orúnkún ń dùn wọ́n, ìbàdí ń ro wọ́n, ẹsẹ̀ ń wú nírọ̀lẹ́, ìfúnpá ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ jíìmù kọ́ ló gbà mí lọ́kàn, ọ̀rọ̀ àga yẹn ni. Ogójì ìṣẹ́jú kí ẹ tó lè dìde! Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Oko kòkó ni bàbá mi dá, ní apá Oǹdó. Tó bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, ìdí àga rọ̀gbọ̀kú rẹ̀ ló ń lọ tààrà, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Láti ìdájí ló ti ń roko, tó ń já kòkó, tó ń ru ẹrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rìn, apá rẹ̀ ti gbé àdá, àga tọ́ sí i. Tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ò tíì ṣe iṣẹ́ kan gbòógì láti òwúrọ̀. Ojú yín ló ti wo nọ́ńbà títí tó fi ń ṣe bàìbàì, etí yín ló ti gbọ́ ti ọ̀gá, tó gbọ́ ti oníbàárà, tó tún gbọ́ ariwo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orí ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá rẹ orí, orí kì í dá a sọ. Gbogbo ara ló máa ń bá a pariwo pé ó rẹ àwọn náà.

Mi ò sọ pé ọ̀lẹ ni yín o, mi ò sì sọ pé irọ́ ni àárẹ̀ yín. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì ìlú Bangor, ní Wales, mú ènìyàn 16, wọ́n ní kí wọ́n fi 90 ìṣẹ́jú ṣe iṣẹ́ tó ń fa orí gidigidi lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé wọn gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá, kí wọ́n máa wà á títí wọn ò fi ní lè wà á mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn ènìyàn yìí kan náà kàn jókòó wo fíìmù ni kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n forí ṣiṣẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ni wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì yẹ bí ọkàn wọn ṣe ń lù àti bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ wò, kò sí ohun kan níbẹ̀ tó lè fa ìyàtọ̀ náà. Ohun tó yàtọ̀ ni bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe wúwo lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbára wà nílẹ̀. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló dà bí òkè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tí mò ń tọ́jú pé àga ò lè wo irú àárẹ̀ yìí, nítorí orí àga náà ló ti wá. Ohun tí mo sì ti rí lára wọn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló nira. Bí ara bá ti móoru, tí òógùn díẹ̀ yọ, orí á fúyẹ́, ẹni tó ní òun ò lè dìde á máa wá iṣẹ́ tó kù láti ṣe. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fún yín, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lórí rẹ̀ ló dúró: bí ẹ bá wọlé, ẹ má tíì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn bọ́ọ̀sì kan, torí inú bọ́ọ̀sì lẹ̀yin náà ń gbé ju inú ilé lọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris ń wá ohun tó mú kí àrùn ọkàn máa pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London wò. Inú ọkọ̀ kan náà ni dírẹ́bà àti kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń wà, èéfín kan náà ni wọ́n ń fà símú, ìpele ìgbésí ayé kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà jókòó, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ sì ń gùn, ó ń sọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ èrò. Àtẹ̀gùn 500 sí 750 ni kọ̀ǹdọ́kítọ̀ máa ń gùn lóòjọ́. Nígbà tí Morris gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lọ́dún 1953, ó hàn gbangba pé àrùn ọkàn mú àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ lọ. Ó tún fi àwọn tó ń fẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà wé àwọn akọ̀wé tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, ibi kan náà ló já sí.

Olóòótọ́ èèyàn ni Morris. Lọ́dún 1956 òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì rán fún wọn, wọ́n rí i pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn dírẹ́bà fẹ̀ ju ti àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ lọ, kódà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìwádìí lóríṣiríṣi ti jẹ́rìí sí i pé ara tí kì í rìn ń fi ọkàn sínú ewu. Morris fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́ débi pé ó ń ṣe eré ìdárayá títí tó fi darúgbó, ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú lọ́dún 2009.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ mólùé rí ní Èkó mọ bí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ṣe máa ń fò sílẹ̀, tí á sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, tí á tún fò rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tí ẹ̀ ń wọ̀ lónìí, kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo wa la jókòó bíi dírẹ́bà.

Kí ni ìjókòó gan-an ń ṣe fún ara? Ẹ fọwọ́ kan ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun yín, èyí tó rí rogodo. Bí a bá ń rìn, ẹran yìí máa ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀, á ti ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Bí ẹ bá jókòó fún wákàtí mẹ́ta láìmi ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè dáadáa. Omi á sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ á sì fi àmì yípo rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà ń kọ́? Ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà wọlé láìdúró de insulin, èròjà inú ara tó sábà máa ń ṣílẹ̀kùn náà. Èyí tó bá jókòó sójú kan ò ní ṣí i bẹ́ẹ̀, ṣúgà oúnjẹ ọ̀sán á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó rọlẹ̀.

Lọ́dún 2016, ìwádìí ńlá kan kó àbájáde lórí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ̀. Ó fi hàn pé ẹni tó bá ń jókòó ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ lè mú ewu ikú àìtọ́jọ́ tí ìjókòó náà ń fà kúrò bó bá ń fi ìṣẹ́jú 60 sí 75 ṣe nǹkan bí ìrìn kánmọ́kánmọ́ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka nọ́ńbà yẹn, àyà yín á já. Ẹ farabalẹ̀. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí á sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ìrìn tí ò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ò sí nínú ìṣirò. Lọ́dún 2020 wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ẹ̀bá títì, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ ìṣirò owó, ẹ mọ̀ pé kọ́bọ̀ ló ń di náírà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wo ọjọ́ yín, kí á rí ibi tí a ti lè ṣa kọ́bọ̀.

Marina ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí pé ojúmọmọ ni ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ní Èkó, yálà òjò tàbí ọyẹ́, nǹkan bí aago 6:30 sí 7 ni oòrùn ń wọ̀, bí ẹ bá fi máa dé Agric, ilẹ̀ ti ṣú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín bí àwọn kan ṣe ń sọ pé kí ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín kí ẹ fẹsẹ̀ rìn délé. Obìnrin kan ṣoṣo tó gbé báàgì ní aago 8 alẹ́ lẹ́bàá títì Ìkòròdú? Rárá o. Ààbò yín ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ọ́fíìsì jáde, ẹ rìn lọ sí ibùdókọ̀ TBS (Tafawa Balewa Square) dípò kí ẹ wọ ọkọ̀ kúkurú. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni fún ọ̀pọ̀ ibi ní Marina. Ẹ ki bàtà gíga bọ inú báàgì, kí ẹ wọ kanfásì tàbí bàtà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ rìn bí ẹni tí ọjà fẹ́ tú mọ́ lójú. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó ni pé ẹ lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹ kọrin, èémí ò ní gbà fún yín. Ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ márùn-ún, 75 nìyẹn. Ìdajì ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè ti wọlé kí ẹ tó rí ilé yín rárá.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ tún gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, ogún ìgbà ogún ìgbà, ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá dúró sí ibùdókọ̀. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bí ẹ bá sì dé Ketu tí ẹ rí àgbàlagbà tó dúró, ẹ dìde fún un. Ẹ̀kọ́ ilé ni, ó sì tún ń tú ìbàdí sílẹ̀ kí ẹ tó dé Mile 12.

Ní báyìí, ẹ ti ṣílẹ̀kùn ilé. Ìṣẹ́jú yìí ni mo ń bẹ̀rù jù fún yín. Ẹ bọ́ bàtà lórí ìdúró. Ẹ mu omi lórí ìdúró. Ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ wọ yàrá, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ wọ ohun tó ṣeé mi ara nínú rẹ̀, kí ẹ tan orin. Kò sí iná? Fóònù tó. Ìṣẹ́jú 12 ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi àkókò yẹn ṣe ni ìlóṣòó, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ó máa ń dùn mí. Àwọn ìyá wa máa ń lóṣòó láti fẹ́ná, láti fọ abọ́, láti ṣa ẹ̀wà, láti wẹ ọmọ. Àgbà obìnrin ẹni 70 ọdún á lóṣòó sídìí ààrò, á dìde láìdi nǹkan kan mú. Kò sẹ́ni tó pè é ní eré ìdárayá. Lẹ́yìn náà la gbé síńkì àti gáàsì sókè dé ìbàdí, a ra àpótí ìjókòó gíga, a fi mọ́pù rọ́pò àkísà. Mi ò ní kí ẹ gbé gáàsì yín sílẹ̀ o, ìrọ̀rùn dára. Ṣùgbọ́n itan tó máa ń gbé wa dìde ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, itan tí ò bá sì lágbára, orúnkún ló ń gba ìyà rẹ̀ jẹ. Lára àwọn tó ń wá bá mi nítorí orúnkún, mo ti pàdé ẹni ọdún 45 tí ò lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ara rẹ̀.

Ẹ gbé àga ìdí tábìlì kan ti ògiri. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, ẹsẹ̀ yín á yà díẹ̀. Ẹ sọ ìdí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí á fi kàn án fẹ́rẹ́, kí ẹ sì dìde padà. Ẹ má jẹ́ kí ara balẹ̀ sórí rẹ̀. Mẹ́wàá. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún ṣe mẹ́wàá mìíràn. Bí orúnkún bá ń ro yín, ẹ gbé ìrọ̀rí lé àga kó lè ga sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ na ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ẹ rẹ̀ ara yín sílẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ògiri, kí ẹ sì fi ọwọ́ ti ara padà. Mẹ́wàá náà ni, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń ti ara padà tàbí tí ẹ bá ń dìde, ẹ máa ka nọ́ńbà sókè kí àwọn ọmọ lè gbọ́. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà sókè ò lè pa èémí mọ́ra, pípa èémí mọ́ra nígbà tí iṣan ń ṣiṣẹ́ sì máa ń ta ìfúnpá sókè lójijì, ohun tí ẹ̀yin ò fẹ́ rárá nìyẹn.

Ìyókù ìṣẹ́jú yẹn, ẹ jó. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ijó wa ò fi ẹ̀yà ara kankan sílẹ̀: orúnkún tẹ̀, ìdí lọ, èjìká mì, ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Fújì ni ẹ fẹ́ o, jùjú ni o, orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì ni o, èyí tó bá ń mú ara yín yá gágá ni kí ẹ fi sí i. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ pè é kí ẹ jọ ta tẹ́n-tẹ́n. Ẹ̀rín ọmọ yẹn á gbé àárẹ̀ orí yín lọ ju àga lọ. Yàrá yín kéré? Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ ilé tó. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn iye agbára tí ara ń ná. Bí ìjókòó jẹ́jẹ́ bá jẹ́ 1, ìdúró dáná tàbí ìfọbọ́ jẹ́ nǹkan bí 2. Láti 3 sókè la ti ń ka nǹkan sí eré ìdárayá gidi. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ lé ní 4, ijó tó ń mú òógùn jáde kọjá 5 dáadáa. Nítorí náà, ìdáná àti ìfọbọ́ sàn ju àga lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dé ibi tí à ń lọ. Bí ẹ bá ń fọ aṣọ lọ́wọ́, tí ẹ ń pọn omi láti kànga gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ẹ ń gúnyán, ìwọ̀nyẹn wọlé. Ẹ fi wọ́n sínú ìṣirò láìtijú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ọkọ yín náà gbọ́. Ó fẹ́ràn yín tó fi ronú kan jíìmù, mo kí i. Ṣùgbọ́n jíìmù ò lè fi wákàtí kún ọjọ́ yín. Ọmọkùnrin ọdún 15 lè fọ abọ́, ó lè se ìrẹsì, ó lè rokà fún ẹni mẹ́ta. Bí ẹ ò bá fọ abọ́ lálẹ́, ìṣẹ́jú 15 ti wà nílẹ̀, inú rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ọkọ yín àti ẹ̀yin jọ jáde lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìrìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní yunifásítì Otago, ní New Zealand, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn 41 tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nígbà tó bá wù wọ́n. Iye ìṣẹ́jú kan náà ni, ṣùgbọ́n ṣúgà wọn rọlẹ̀ jù nígbà tí wọ́n ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ, ti oúnjẹ alẹ́ ló sì ṣiṣẹ́ jù. Ọdún 2016 ni àbájáde yẹn jáde. Ẹ ronú bí àwa ṣe ń jẹun: àárọ̀ díẹ̀, ọ̀sán díẹ̀, òkèlè ńlá ní aago 9 alẹ́, lẹ́yìn náà ibùsùn. Ẹ fẹsẹ̀ rìn nínú ọgbà ilé yín, tàbí ní títì àdúgbò tí wọ́n ti ti géètì rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ máa sọ ohun tójú yín rí lọ́jọ́ náà. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni, kì í ṣe èyí tó ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá pọ̀, ẹ rìn nínú ilé.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀rọ̀ oorun. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé eré ìdárayá ìrọ̀lẹ́ kì í ba oorun jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó tilẹ̀ máa ń mú kí oorun wọra sí i. Èyí tó lè dá oorun dúró ni eré líle, irú èyí tí ọkàn ń lù kìkì, tí a bá ṣe é nígbà tí kò tó wákàtí kan mọ́ kí á lọ sùn. Bí ẹ bá jó ní aago 8:15, tí ẹ rìn jẹ́jẹ́ ní 9:15, kí ẹ sùn ní 10, kò sí ìjà. Èyí tí mo rò pé ó ń lé oorun yín lọ ni fóònù tó ń tàn sójú lórí ibùsùn. Ẹni tó ń jí kí aago 4 ìdájí tó lù gbọ́dọ̀ ṣọ́ oorun rẹ̀ bí ẹyin.

Ní Sátidé, bí ara bá gbé e, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín rin ìrìn ìṣẹ́jú 45 ní kùtùkùtù. Bí ẹ bá ní òde àríyá, ẹ jó níbẹ̀ títí gèlè á fi fẹ́ tú; ijó òde àríyá ti gba ọ̀pọ̀ obìnrin wa là láìmọ̀. Bí ẹ bá wá rówó jíìmù lọ́jọ́ iwájú, ẹ lọ. Kò pọn dandan.

Ìfúnpá 138 lórí 88 ò tíì dé 140 lórí 90 tí dókítà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ó ti ń kan ilẹ̀kùn. Ara tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, ìfúnpá rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ìdí nìyẹn tí ṣíṣe é lójoojúmọ́ fi dára ju kí á kó gbogbo rẹ̀ sí òpin ọ̀sẹ̀. Bí ìfúnpá yín bá ga tó 180 lórí 110 lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe eré ìdárayá, ẹ lọ rí dókítà. Bí àyà bá ń fún yín mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, tí ìrora bá ń gba apá tàbí àgbọ̀n, tí òòyì bá kọ́ yín, tàbí tí èémí ò bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sinmi, ẹ dúró, ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gáàsì inú ni. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, ìyẹn kì í ṣe wíwú ìjókòó lásán, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fọwọ́ wọ́ ọ, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má gbìyànjú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Ẹ kàn mú òfin àga yẹn: omi lórí ìdúró, aṣọ lórí ìdúró, orin kan, ìlóṣòó mẹ́wàá. Ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ yín jù, ẹ ṣe orin kan péré, kí ẹ tó jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ fi ìrìn Marina kún un, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ẹ fi ìrìn lẹ́yìn oúnjẹ kún un. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fara balẹ̀ nílẹ̀, kó tó wọn ìfúnpá yín. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.